Ìtajà Pákó àti Ìgbáralé Aládùúgbò: Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀ Díẹ̀

1. Ìfáárà

Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé ètò ọrọ̀-ajé ní èdè Yorùbá, kò ṣòro fún un láti pe títa ẹrù fún orílẹ̀-èdè mìíràn ní 'ìtajà sí òkèèrè'. Ohun tí ó ń fa ìṣòro ni bí a ó ti dárúkọ ipò ẹni tí gbogbo òwò rẹ̀ rọ̀ mọ́ oníbàárà kan tàbí ọ̀nà kan ṣoṣo. 'Ìgbáralé' ni a dábàá fún ipò yìí. Òwò pákó ìkọ́lé àti ìtàn òwò láàrin Iléṣà àti Òṣogbo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Gẹdú, ìtì àti pákó

Ó yẹ kí orúkọ ọjà náà kọ́kọ́ dá wa lójú. 'Gẹdú' ni igi ńlá inú igbó tí à ń gé fún iṣẹ́ ilé, bí ìrókò. Bí a bá gé e lulẹ̀ tí a kò tíì là á, 'ìtì' ni. Bí ayùn bá là á ní sọ́míìlì, ó di 'pákó'. Ìyàtọ̀ yìí ju ti ẹnu lásán lọ. Ní ọdún 1976, ìtì ni ìjọba Nàìjíríà fi òfin dè pé a kò gbọdọ̀ kó lọ sí òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni a fi pákó kún un. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ 'igi' nìkan fún méjèèjì ti ba ìtumọ̀ òfin jẹ́.

3. Ìgbáralé kì í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé

Ọkàn ni a fi ń gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn. Ara ni a fi ń gbára lé nǹkan. Ẹni tí ó gbára lé ògiri lè má fọkàn tán an rárá, síbẹ̀ bí ògiri bá yẹ̀, yóò ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ti òwò. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ṣùgbọ́n kò dé Iléṣà, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí ibẹ̀. Kòkó Ìjẹ̀ṣà tí yóò bá ọkọ̀ ojú irin dé Èkó ní láti kọ́kọ́ dé Òṣogbo. Ìbáṣòwò tí ó ṣe ìlú méjèèjì láǹfààní ni èyí. Ṣùgbọ́n ìdíwọ́ tí ó bá bá ibùdókọ̀ Òṣogbo, ó bá àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú. Ìgbáralé ọ̀nà nìyẹn.

Ti oníbàárà ni a rí ní Kánádà. Amẹ́ríkà, aládùúgbò rẹ̀, ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú pákó ìkọ́lé tí Kánádà ń tà sí òkèèrè. Láti ọdún 1982 ni àwọn méjèèjì ti ń jà lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn ní ọdún 2006. Àdéhùn náà parí ní ọdún 2015. Nígbà tí ó di ọdún 2017, Amẹ́ríkà tún gbé owó bodè lé pákó náà. Kò rọrùn fún Kánádà láti wá oníbàárà mìíràn lójijì, nítorí pákó wúwo, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ́lé ní Amẹ́ríkà náà nílò pákó yìí. Bí ẹni méjì bá gbára lé ara wọn, 'ìgbáraléra' ni a dábàá. A kò yan 'ìgbáralé-ara-ẹni', nítorí òǹkàwé lè rò pé ẹni tí kò nílò ẹlòmíràn ni à ń wí.

4. Ìkádìí

Ẹni tí yóò bá fi èyí kọ́ni ní Ìjẹ̀ṣà lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Òṣómàáló. Oníṣòwò aṣọ yìí a máa tàwìn kiri ìlú púpọ̀. Bí ìlú kan kò bá tètè san gbèsè, èkejì lè san. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: nínú pákó 100 tí a tà, mélòó ni ó lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan? Bí ó bá jẹ́ 80, ìgbáralé ti wọ̀ ọ́, bí èrè rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó.