Owó ìwọlé igbó ẹranko ń gòkè: ta ni yóò jèrè?

Ẹni tí ó ń ta iṣu ní Alafiarou, ní kọ́múnù Tchaourou, mọ òfin ọjà kan. Bí iṣu bá wọ́n jù, oníbàárà yóò kọjá síwájú. Bí ó bá sì pọ́ọ́kú jù, àgbẹ̀ kò ní rí owó tí yóò fi gbin òmíràn. Òfin yìí kan náà ló ń darí àwọn igbó ẹranko ìjọba, níbi tí àlejò ti ń san owó kí ó tó lè wo erin àti kìnnìún.

Owó yìí ti gòkè púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2017, orílẹ̀-èdè Rwanda gbé owó tí àlejò ń san láti rí ìnàkí orí òkè kúrò ní dọ́là 750, ó sọ ọ́ di dọ́là 1,500. Èyí ju 800,000 fáránkì sẹ́fà lọ, fún wákàtí kan péré lọ́dọ̀ àwọn ìnàkí. Ní Kenya, láti ọdún 2024, àlejò láti òkè òkun ń san dọ́là 100 lójúmọ́ ní igbó Maasai Mara ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún. Ní oṣù mẹ́fà tó kù, dọ́là 200 ni.

Kí ni àlejò ń ṣe sí i? Olówó ń san án. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó yóò dín ọjọ́ rẹ̀ kù, tàbí kí ó gba ibòmíràn lọ. Ní ọdún 2017 yẹn, dọ́là 600 ni wọ́n ń gbà ní Uganda, tó múlé gbe Rwanda. Bí àlejò bá sì dín kù, awakọ̀, alásè àti amọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Síbẹ̀, owó ńlá kò burú bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tó yẹ. Ní ọdún 2017 kan náà, Rwanda sọ ìpín àwọn ará abúlé tó wà létí igbó di 10 nínú 100, dípò 5. Oko ará abúlé ni ẹranko ń bà jẹ́. Bí kò bá rí nǹkan kan nínú owó igbó, kí ni yóò mú un dáàbò bo ẹranko?

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àjọ African Parks ló ń bójú tó igbó Pendjari láti ọdún 2017. Níbẹ̀, ohun tó lé àlejò ju owó lọ. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2019, a jí ará Faransé méjì gbé, a sì pa amọ̀nà wọn, ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 2022, ìkọlù ní igbó W gba ẹ̀mí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Iye yòówù kí a kọ sí ẹnu ọ̀nà, àlejò kì í wá síbi tí kò sí àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Alafiarou, nítorí igbó ìjọba wà ní agbègbè Tchaourou pẹ̀lú. Níbikíbi tí a bá ti ń gba owó lórúkọ igbó, ohun mẹ́ta ni kí ará abúlé béèrè ní ìpàdé: Èló ni a gbà? Èló ni ìpín abúlé? Kí ni a fi ṣe? Kí ìdáhùn wà nínú ìwé. Ẹni tó ti kọ́ ìwé kíkà yóò lè kà á sókè fún àwọn tó kù.