Owó Orí àti Ìtutù Ilé ní Orè àti Odígbó

Òfin tó wà lórí owó orí báyìí ni èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù, 2025, tó sì múlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2026.

Òfin náà kò yọ owó ohun tó ń mú ilé tutù, bí ẹ̀rọ amúlétutù, àjà tàbí ọ̀dà funfun, kúrò nínú owó tí wọ́n ń bu owó orí lé. Àmọ́ nǹkan méjì wà níbẹ̀ tó kan ilé gbígbé.

Ti ayálégbé ni àkọ́kọ́. Wọ́n á yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan fún un, kò sáà gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ká ní ₦2,000,000 ló ń wọlé fún un lọ́dún, tó sì ń san ₦400,000 fún onílé. Wọn kì í gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦80,000 kúrò nítorí owó ilé. ₦1,120,000 ló kù, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦168,000. Bí kò bá kéde owó ilé, ₦180,000 ni yóò san. ₦12,000 tó fi dín kù yẹn, kó fi rán aṣọ fèrèsé tó nípọn.

Ti onílé ni èkejì: wọ́n á yọ èlé owó tó yá láti fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Èlé ₦150,000 lọ́dún á dín owó orí rẹ̀ kù ní ₦22,500, bó bá wà ní ìpele ìdá 15. Nítorí náà, nígbà tí ilé ṣì wà lọ́wọ́ bíríkìlà ni kí àjà gíga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ àti ihò afẹ́fẹ́ ti wọ inú ìṣirò owó tó fẹ́ yá. Ẹni tó dúró di ìgbà tó kó wọlé kó tó wá ìtutù, ẹ̀rọ ni yóò rà: VAT (owó orí ọjà) lórí ẹ̀rọ ₦500,000 nìkan jẹ́ ₦37,500, ká má tíì sọ ti iná.

Gbèdéke ìwé owó orí ti ọdún 2026 ni ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà, 2027, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ apawówọlé Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kí rìsíìtì owó ilé àti ìwé báǹkì wà nípamọ́.



Ní ti ìkọ́lé fúnra rẹ̀, ní agbègbè Orè àti Odígbó wa, nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù Igbe àti ọjọ́ 5 oṣù Òwéwè ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán sórí òrùlé. Páànù tí kò ní àjà lábẹ́ á wá gbóná bí agbada. Kí fèrèsé ńlá kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ogiri ìwọ̀-oòrùn, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń nà, ni kí wọ́n gbin máńgòrò sí, ní ìjìnnà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò fi ní dé ìpìlẹ̀.