Kòtò Ńlá Tó Wà Lẹ́yìn Òṣùpá

Ojú kan ṣoṣo ni òṣùpá ń kọ sí ayé, nítorí pé iye àkókò tí ó fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 27, náà ni ó fi ń yí lórí ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ó mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí títí di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Luna 3, tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì rán lọ, gba ibẹ̀ kọjá tí ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yìn yìí kì í ṣe ibùgbé òkùnkùn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò, torí oòrùn ń ràn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ràn níwájú.

Ní ìhà gúúsù ẹ̀yìn òṣùpá ni kòtò South Pole–Aitken wà, tí orúkọ rẹ̀ ti ara etí rẹ̀ méjèèjì wá: etí kan sún mọ́ ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá, èkejì sì sún mọ́ kòtò Aitken, tí ó kéré sí i gan-an. Láti etí dé etí, ó tó nǹkan bí kìlómítà 2,500, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdámẹ́rin àyíká òṣùpá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn ní kìlómítà mélòó kan. Síbẹ̀, ojú lásán kò tètè dá a mọ̀, nítorí pé ó ti gbó, àìmọye kòtò mìíràn sì ti gbẹ́ sínú rẹ̀. Ìgbà tí Clementine, ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ìtànṣán lésà wọn gíga àti jíjìn ilẹ̀ òṣùpá ní ọdún 1994 ni bí ó ti tóbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn kedere.

Àpáta ràbàtà kan láti òfuurufú ni ó kọlu òṣùpá, tí ó fọ́ èèpo ilẹ̀ ibẹ̀, tí ooru ìkọlù náà sì yọ́ òkúta di ọ̀gbàrá iná. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kò yọ ayé sílẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò, odò àti ìṣípòpadà ilẹ̀ ti pa àpá wọn rẹ́, nígbà tí òṣùpá, tí kò ní òjò tí kò sì ní ẹ̀fúùfù, tọ́jú tirẹ̀. Ní ti ìmọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ayé, bóyá ni ibòmíràn wà lórí òṣùpá tí ó yẹ ní nínáwó nára lé lórí tó kòtò yìí.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ débẹ̀. Níwọ̀n bí ìgbì rédíò kò ti lè la inú òṣùpá kọjá, wọ́n kọ́kọ́ gbé sátẹ́láìtì Queqiao sókè ní ọdún 2018 láti máa gba ìròyìn ẹ̀yìn fún ayé, kí ọkọ̀ wọn, Chang'e 4, tó balẹ̀ sínú kòtò náà ní ọjọ́ 3, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2019. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2024, ọkọ̀ wọn mìíràn, Chang'e 6, bu erùpẹ̀ àti òkúta ibẹ̀ wá sílé, gíráàmù 1,935.3 lápapọ̀, ìwádìí tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e fi hàn pé nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.25 sẹ́yìn ni ìkọlù náà wáyé. Ọjọ́ orí yìí wúlò fún ìṣirò mìíràn pẹ̀lú: àwọn onímọ̀ a máa ka iye kòtò tó wà lórí ilẹ̀ kan láti fi mọ bí ó ti pẹ́ tó, nítorí pé ibi tí ó bá pẹ́ jù ni àpáta ti já lù jù. Títí di ìgbà tí Chang'e 6 padà dé, iwájú òṣùpá nìkan ni wọ́n ti ṣa òkúta tí wọ́n fi ń gbé ìṣirò yìí ró.