Bí Rélùwéè Bá Pẹ́, Iṣẹ́ Òòjọ́ A Bàjẹ́
Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun, tí ó gùn ní kìlómítà 157. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń gbéra lójúmọ́ kò pọ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́, òmíràn kò sí nítòsí. Èrò tí ó bá sì sọ̀ ní Mọníyà ṣì gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò kí ó tó dé ìgboro Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá yóò bá wí, kì í ṣe rélùwéè. Nítorí náà, eré sísá nìkan kò tó. Bí ọkọ̀ yóò bá pẹ́, kí wọ́n tètè kéde rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò dé lè ṣe sùúrù. Àìmọ̀ ni í tán sùúrù èrò.