Kí Ilé-Ìwé Jẹ́lé-Ó-Sinmi Tó Wọlé

Jẹ́lé-ó-sinmi ni Yorùbá ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó bá ro orúkọ náà dáadáa yóò rí i pé ilé ni a ń wá ìsinmi fún. A kò mẹ́nu kan ọmọ tí ó ń lọ rárá. Nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe ń bá ẹ̀yin ìyá sọ̀rọ̀, nígbà tí ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ilé-ìwé tó wọlé nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Níhìn-ín ní Ọ̀rẹ̀, oríta ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Bí ọmọ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìdí àtẹ ni ó ń dàgbà sí, láàrin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, bí ọkọ̀ Èkó àti ti Benin ti ń dúró tí wọ́n sì ń lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa gbọ́n. Ojú èrò kì í bà á lẹ́rù, ó sì lè mọ ṣẹ́ńjì kí ó tó mọ ìwé. Ṣùgbọ́n kò tí ì sí ìgbà kan rí tí ó bojú wẹ̀yìn tí kò rí ìyá rẹ̀.

Ọmọ mi kejì ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní ọlidé tí ó ṣáájú ìgbà tí ó wọ ilé-ìwé, mo jókòó tì í pẹ̀lú síléètì àti ẹfun, kò sì pẹ́ tí ó fi ń ka A títí dé Z láìdánudúró. Mo ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta tí ó lọ, ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin nígbà tí ó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kẹrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó kọ̀, kò fẹnu kan omi. Ó ti rò ó fúnra rẹ̀ pé bí òun kò bá mu omi, òun kò níí tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Ìgbà tí mo gbé e lé itan ni ó tó sọ fún mi pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè òyìnbó, àti pé àǹtí àwọn kò fẹ́ gbọ́ Yorùbá. Mo kọ́ ọmọ ní lẹ́tà 26, n kò kọ́ ọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí yóò lò.

Nítorí náà, ẹ fi síléètì sílẹ̀ fún olùkọ́. Ẹ kọ́ ọmọ kí ó lè sọ sókè pé òun fẹ́ tọ̀, ní Yorùbá àti ní èdè òyìnbó, kí ó lè bọ́ ṣòkòtò fúnra rẹ̀, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ mú un lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé náà pàápàá, nítorí ó lè má jọ ti ilé. Ẹ jẹ́ kí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní Àkànní, bí olùkọ́ bá pe Olúwáṣeun nínú ìwé orúkọ, yóò kàn máa wò ni.

Èyí tí ó le jù ni ìpínyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ẹ fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà fún àárọ̀ kan gbáko. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, ẹ sọ ìgbà tí ẹ óò dé, kí ẹ sì dé ní ìgbà náà. Ẹ má ṣe yọ́ lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ yọ́ lọ mọ́ lọ́wọ́ lè dìde láti wá a, ọmọ Ọ̀rẹ̀ sì mọ ọ̀nà oríta. Awakọ̀ tírélà tí ó ń bọ̀ láti Benin kò lè tètè rí ẹni tí kò ga ju táyà ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ bi ilé-ìwé léèrè ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì fi ẹni kan ṣoṣo tí yóò máa mú ọmọ wálé hàn wọ́n.

Àwọn kan ní kí a máa fi èdè òyìnbó nìkan bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé títí ilé-ìwé yóò fi wọlé. N kò fara mọ́ ọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’, Modákẹ́kẹ́. Èdè òyìnbó jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè òyìnbó. Ẹ pa àlọ́ fún ọmọ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa gbe orin. Ẹni tí ó lè fetí sí ìtàn Ìjàpá dé òpin ti mọ bí a ti ń jókòó níwájú olùkọ́.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má kánjú bí mo ti kánjú. Ní 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí kan etí kejì ni a gbà pé ó tó ilé-ìwé. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí a tún ṣe ní 2013 fi ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi sí ọmọ ọdún 5, ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó kan àbíkẹ́yìn mi, a ti fi gbogbo oṣù Ògọ́ọ̀sì dánra wò. Ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, mo ní n óò dé bí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ má pẹ́ o, Màámi.” N kò pẹ́.