Àlòkù Irin àti Àwọn Olólùfẹ́ Rélùwéè

Ojú irin tó ti àárín Accra jáde gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Agbogbloshie kọjá. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin yẹn, òmíràn tilẹ̀ ń pàtẹ sórí rẹ̀. Létí ọ̀sà Korle, nítòsí ibẹ̀, ni ọjà àlòkù irin wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba tó wó o ní oṣù Keje ọdún 2021. Òwò náà kò tán, ó kàn ṣí sí àyíká ni. Fíríìjì, kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ tó ti kú, gbogbo ohun tí ayé lò tì ló ń débẹ̀. Wọn a tú u, wọn a yọ bàbà inú rẹ̀, wọn a gbé irin tó kù lé òṣùwọ̀n.

Níbi òṣùwọ̀n yẹn ni mo fẹ́ kí á dúró sí láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan tí ìfẹ́ ọkọ̀ ojú irin wọ̀ lẹ́jẹ̀. Owó kọ́ ló fà wọ́n débẹ̀. Tí wọ́n bá ti iṣẹ́ oòjọ́ dé, wọn a lọ fi gíríìsì sí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, wọn a já tíkẹ́ẹ̀tì, wọn a pààrọ̀ pákó abẹ́ irin. Ní Wales, ní 1951, irú wọn ló gba ojú irin Talyllyn tó fẹ́ kú, ọkọ̀ sì ń rìn lórí rẹ̀ títí dòní. Òun ni àkọ́kọ́ lágbàáyé tí àwọn afínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ fún. Wilbert Awdry, àlùfáà tó kọ ìtàn ẹ́ńjìnnì Thomas tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó yẹ kí ará Agbogbloshie gbọ́ ni ti Barry, ní Wales kan náà. Nígbà tí rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ẹ́ńjìnnì eléèédú rẹ̀ dànù, Dai Woodham, tó ń ṣòwò àlòkù irin, ra nǹkan bí 300 nínú wọn láti gé wọn tà. Ó tún ra àwọn ọkọ̀ ẹrù, àwọn yẹn ló sì kọ́kọ́ dojú kọ, torí wọ́n rọrùn láti gé. Ó fi àwọn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ dìgbà tí iṣẹ́ bá dẹ̀. Níbi tí wọ́n dúró sí tí wọ́n ń dógùn-ún ni àwọn olólùfẹ́ rélùwéè ti bá wọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, ó sì ní i. Wọ́n dáwó, wọ́n ń rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 1968 sí 1990, ẹ́ńjìnnì 213 ló jáde ní odindi nínú ọgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún padà rìn. Oníṣòwò àlòkù irin ló gbà wọ́n là. Ó gba owó rẹ̀ o, kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kàn gbà kí ẹni tó fẹ́ odindi san án dípò ẹni tó fẹ́ wẹ́wẹ́.

Apá kejì ìfẹ́ yìí wà lórí tábìlì. Ní kékeré, agolo sàdíìnì là ń fi okùn so mọ́ra tí a ń fà kiri bí ọkọ̀ ojú irin. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ Märklin bẹ̀rẹ̀ sí í ta irin ìṣeré tó ní ìwọ̀n pàtó ní 1891, kí ẹni tó ra díẹ̀ lónìí lè ra díẹ̀ kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni ohun ìṣeré ọmọdé ti di iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà.

Ohun tó ń mú ọkọ̀ ojú irin ìṣeré yìí rìn kò jìnnà sí Agbogbloshie rárá. Ẹ tú ẹ̀rọ DVD tó ti bàjẹ́. Nídìí ibi tí àwo ń gbà jáde, ẹ ó bá ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ní ẹnu wáyà méjì. Ẹ so ó mọ́ bátìrì, a yí. Ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì, a yí sẹ́yìn. Bí àwo ṣe ń jáde tó sì ń wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ojú irin orí tábìlì ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀. Irin kan ń gbé iná lọ, èkejì ń gbé e padà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbà á fún ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀. Bí iná bá ròkè, ọkọ̀ a sáré.

Ìwọ̀n ojú irin àtijọ́ Ghana àti ti Nàìjíríà kan náà ni: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6, ìyẹn mìlímítà 1,067. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di kékeré, ẹ pín in sí ọ̀nà 64, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin ìṣeré oní-mìlímítà 16.5, tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, mu. Ìwọ̀n 1,067 yìí náà ni rélùwéè New Zealand ń lò, ọgbọ́n yìí sì ni àwọn kan níbẹ̀ ń dá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ Accra sí Kumasi sórí tábìlì kò ní láti rọ irin tuntun. Ọwọ́ tó lè ṣe é náà wà: Agbogbloshie Makerspace Platform, tí DK Osseo-Asare àti Yasmine Abbas dá sílẹ̀, ti fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń tú àlòkù irin lè jọ kọ́ ohun tuntun.

Ìtàn rélùwéè Ghana kì í ṣe ìtàn àjèjì fún Yorùbá. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Sekondi ní 1898, irin dé Kumasi ní 1903, ti Accra sí Kumasi sì parí ní 1923. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ṣakí àti Ọ̀fà ṣòwò káàkiri àwọn ìlú tí irin yẹn là kọjá, títí àṣẹ ìjọba Busia ní Ghana fi lé wọn wálé ní 1969. Nílé, irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń tọ́jú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nítòsí, kó lọ sí ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ilé alájà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Francis Jaekel, ọ̀gá rélùwéè tẹ́lẹ̀ tó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹgbẹ́ Legacy ti àwọn olólùfẹ́ ohun àtijọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ rélùwéè láti tún un ṣe, ó sì di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ àtijọ́ kún ara ògiri rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni àdéhùn náà: ilé iṣẹ́ ìjọba ló ni ilé, àwọn olólùfẹ́ ló ni làálàá.

Irú àdéhùn yìí ni mo ń bẹ ilé iṣẹ́ rélùwéè Ghana àti àwọn aṣáájú oníṣòwò àlòkù irin Agbogbloshie pé kí wọ́n bá ara wọn ṣe. Kí wọ́n má ṣe gé ẹ́ńjìnnì tàbí kóòṣì kankan kí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ tó wò ó. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ rélùwéè, yálà ní Kumasi tàbí ní Òṣogbo, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Tí ẹ bá rí fèrè, àtùpà, fìlà iṣẹ́ tàbí fọ́tò kan ṣoṣo, ẹ má tà á fún ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n rajà. Ẹ kọ orúkọ bàbá yín sẹ́yìn fọ́tò náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta.