Ẹyẹ Kékeré Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Tẹ Òkun

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, tàbí níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní agbami, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sí wọn létí nígbà tí wọ́n bá wálé.

Ẹyẹ kan ń bẹ lójú òkun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní storm petrel. Ọ̀pọ̀ gbà pé ara orúkọ Pétérù Àpọ́sítélì ni wọ́n ti yọ ọ́, nítorí bí ó bá ń wá oúnjẹ, a na ìyẹ́ sókè, a sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ojú omi bí ẹni ń rìn. Ta ni kò mọ ẹyẹ dúdú tí ìdí rẹ̀ funfun, tó ń mọ ìtẹ́ sábẹ́ òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí a ń kà mọ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀? Ó jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun rí petrel lórí Odò Ọya ní Onitsha níhìn-ín, ó dájú pé ẹyẹ mìíràn ló rí. Petrel kì í wá sórí ilẹ̀ bí kò ṣe láti yé ẹyin, àfi bí ìjì bá gbé e.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Mẹ́ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ti Wilson ń wá láti ilẹ̀ yìnyín ní gúúsù ayé. Ó gùn tó ínǹṣì 7, kì í sì sábà wúwo tó gíráàmù 50! Bí ó bá ń fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá ìrù, awọ àárín ọmọ ìka rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Ti Leach tóbi jù ú lọ díẹ̀, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Ti Yúróòpù ló kéré jù. Ilà funfun wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

Iná ni ọ̀tá wọn. Ní òru tí kò sí òṣùpá, iná ọkọ̀ a máa fà wọ́n, wọn a já lulẹ̀, wọn a rá pálá sí kọ̀rọ̀ níbi tí epo wà, nítorí ẹsẹ̀ wọn kò lágbára láti rìn lórí ilẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n ń yé lọ́dún, nítorí náà ikú ọ̀kan kì í ṣe ohun kékeré. Láti 2016 ni a ti ka ti Leach mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ní gbogbo ayé.

Bí ọmọ yín bá rí i lórí ọkọ̀, kí ó má ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí omi. Kí ó fi í sínú páálí tí a lu ihò sí, kí ó gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́. Lóru, kí ó tú u sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí iná kò sí. Kí ó kọ ọjọ́, ibi tó ti rí i, àti bí ìrù rẹ̀ ti rí, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́.